Tíkẹ́ẹ̀tì Tí Baba Gúnrégé So Mọ́ Ọmọ Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ alágbàfọ̀ tó ju Baba Gúnrégé lọ, ẹ bu omi tútù fún un mu, kẹ́ ẹ ní kó lọ sinmi. Ọkùnrin yìí lọ aṣọ débi pé eṣinṣin tó bà lé èjìká ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, yíyọ̀ ló yọ̀ ṣubú. Ìlà tó máa ń fà sí ẹsẹ̀ ṣòkòtò, èèyàn lè fi gé búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi gbàgbé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, tí wọ́n ń pè é ní Gúnrégé. Nígbà tó wá bí ọmọ obìnrin kan ṣoṣo, wọ́n fi Baba kún un.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀. Ojú pópó ni fèrèsé onígíláàsì rẹ̀ kọjú sí, ooru a sì máa bo gíláàsì náà láti òwúrọ̀, tó fi jẹ́ pé òjìji ọkùnrin kan tó ń tẹ̀ tó ń nà nìkan ni ẹni tó bá ń kọjá máa rí. Nínú, aṣọ á so rọ̀ọ̀rọ̀ láti ògiri dé ògiri, òórùn ọṣẹ á gba imú kan. Àmọ́ ohun tó mú ṣọ́ọ̀bù náà yàtọ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì. Kò sí ohun tó gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ kó má gba tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà pupa kékeré tí a kọ nọ́ńbà sí, tí a fi abẹ́rẹ́ kọ́ mọ́ aṣọ. Kò sí “ẹ mà mọ̀ mí”, kò sí “mò ń padà bọ̀ wá gbé e nísinsìnyí”.

“Aṣọ tí ò ní tíkẹ́ẹ̀tì ti sọnù,” ló máa ń wí. “Ó kàn ku kí ẹni tó ni ín gbọ́ ni.”

Fìlà orí ara rẹ̀ gan-an gba tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí òun àti ìyàwó rẹ̀ ṣì ń fẹ́ra, obìnrin náà yà kí i níbi iṣẹ́, kò sì pẹ́ níbẹ̀. Ìgbà tó délé ni ìyá rẹ̀ bi í pé ta ló fi nọ́ńbà sí i lẹ́yìn.

Ọmọ tí wọ́n bí ni àwọn oníbàárà ń pè ní Ọ̀gá Kékeré. Orí ọmọ náà pé jù. Ẹ̀rọ ìṣirò tó wà lórí káńtà, ó máa ń dà bíi pé ojú ń tì í bí ọmọ náà bá jókòó tì í. Nígbà tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, yunifásítì kan fún un ní sikọ́láṣípù, irú èyí tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tí máàkì rẹ̀ ga jù lọ. Owó ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀, yàrá wà nínú ẹ̀, ìwé wà nínú ẹ̀, títí tó fi máa jáde. Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, Baba Gúnrégé jó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó jó gba ojú pópó kọjá, ó jó wọ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì, ó jó yí àga ká, ẹni tí wọ́n ti fá apá kan orí rẹ̀ sì dìde bá a jó.

Àfi bí gbẹ̀gẹ́dẹ́ ṣe gbiná. Ó ku díẹ̀ kí ọmọ wọlé, ni páìpù ẹ̀rọ ìlọṣọ bẹ́, tí ooru inú rẹ̀ sì bó apá ọ̀tún bàbá láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá. Dókítà di apá náà ní báńdéèjì gìrìwò, ó ní kò gbọdọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù títí ọdún náà á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ yí po. Iṣẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ò ṣeé fi sílẹ̀. Ọ̀gá Kékeré wo bàbá rẹ̀, ó wo aṣọ tó so rọ̀ọ̀rọ̀, ó ní:

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi ọdún kan dúró. Èmi ni màá máa lọ̀ ọ́.”

Wọ́n pe yunifásítì lórí fóònù ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì gbé ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Obìnrin tó ń bójú tó sikọ́láṣípù ló gbé e.

“Kò burú,” obìnrin náà wí. “Àyè rẹ á dúró dè ọ́, sikọ́láṣípù rẹ náà á dúró dè ọ́, ọdún kan péré. Àmọ́ o, ẹni tó bá ń bọ̀ tààrà láti ilé ẹ̀kọ́ girama la máa ń fún. O lè ṣiṣẹ́, o lè sùn, o lè rìn ká ayé. Má ṣáà gba máàkì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn. Ọjọ́ tó o bá gbà á, o kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun lójú wa mọ́. Ẹni tó ṣí wá láti ibòmíì lo dà yẹn.”

“Mo gbọ́, mà.”

“Ta ló ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn?” Baba Gúnrégé ké láti ìdí ògiri. “Ọmọ tó ti rí ilé alárànbarà, ṣé ó tún ń wá àtíbàbà ni?”

Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Àmọ́ alágbàfọ̀ ni ọkùnrin yìí, ohun tí alágbàfọ̀ sì ń bẹ̀rù jù láyé ni aṣọ tí wọ́n ká sílẹ̀ tó pẹ́. Bí aṣọ bá wà ní kíká fún ọdún kan, ó máa ń rún ní rírún tí iná ò ní lè tú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń rí i tó ń tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì láàárọ̀, tó ń tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì lọ́sàn-án, tó ń sùn sórí òkìtì aṣọ tí ò tíì lọ̀. Onígbàjámọ̀ wá da epo síná.

“Gúnrégé, orí ọmọ yẹn ti ń rún o. Mo kí i ‘ẹ káàárọ̀’ lánàá, ó ní ‘ó di ọjọ́ Ẹtì’, bíi pé aṣọ ni mo gbé wá.”

“Ìwọ fá orí tìẹ, fi tọmọ mi sílẹ̀!”

Ẹnu ló fi sọ bẹ́ẹ̀. Àyà rẹ̀ ti já. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tó fi gbé apá oníbáńdéèjì rẹ̀ kọ́rùn, ó gba kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìṣirò ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà ní káńtà bi í pé:

“Bàbá, ọ̀nà méjì ló wà. Ṣé olùgbọ́ lásán lọmọ yín fẹ́ ṣe ni, àbí onímáàkì? Olùgbọ́ á kàn jókòó, á gbọ́, á máa lọ sílé ẹ̀. Onímáàkì la máa ń fún ní nọ́ńbà.”

Bó ṣe gbọ́ nọ́ńbà, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí iná.

“Ṣé o fẹ́ kí ọmọ mi wọbí láìní nọ́ńbà ni? Bó bá sọnù ńkọ́?”

“Kò lè sọnù, sà. Ọmọ èèyàn ni.”

“Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe máa ń sọ nípa kóòtù.”

Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ obìnrin orí fóònù yọ sí i lọ́kàn fìrí. Ó lé e dànù. Lójú tirẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ni ibi táwọn ọmọ ń gbé báàgì lọ láàárọ̀. Èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì ti kógbá sílé, kí ló fẹ́ fi jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì? Wọ́n ní akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé fúnra rẹ̀. Ọmọ wà nídìí áyọ́ọ̀nù. Bàbá fi ọwọ́ òsì mú kálàmù, ó sì fọwọ́ sí i lórúkọ ọmọ, ìkọ̀wé ọ̀hún rí bíi ti èèrà tó jábọ́ sínú tàdáwà tó ń wá ọ̀nà ilé. Ààyè kan wà lórí fọ́ọ̀mù náà, tí kò pọn dandan kéèyàn kọ nǹkan sí, tó ń béèrè yunifásítì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ lẹ́yìn èyí. Ta ló máa fi irú ààyè bẹ́ẹ̀ han Baba Gúnrégé tó máa fi sílẹ̀? Ó kọ orúkọ yunifásítì náà gàdàgbà, ó fa ìlà sí i nídìí.

Nígbà tó délé, ó wí fún ọmọ pé, “Màmá mi, mo ti bá ọ wá ibi tí wọ́n ti ń sọ ìṣirò. Kó o kàn máa lọ gbọ́, kí orí má baà rún.”

“Gbígbọ́ lásán, Bàbá?”

“Gbígbọ́ lásán ni.”

Ọmọ náà lọ. Kí oṣù tó pé, ojú rẹ̀ ti yàtọ̀. Ó ń kọrin nídìí áyọ́ọ̀nù, ó ń fi ìka kọ ìṣirò sórí gíláàsì tí ooru bò, onígbàjámọ̀ sì ń jókòó ní òdìkejì, ó ń kà á lódìlódì láìmọ ohun tó ń kà. Ọdún yí lọ. Apá bàbá san. Wọ́n ti ra báàgì ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí àkókò ìwọlé kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, Baba Gúnrégé gbé áyọ́ọ̀nù lé ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, fóònù sì dún. Obìnrin tó ń bójú tó sikọ́láṣípù ni.

“Ẹ káàsán, sà. Ṣé bàbá Ọ̀gá Kékeré ni? Bí ọmọ náà ṣe ní ká máa pe òun nìyẹn.”

“Èmi ni. Èmi gan-an, èmi alára.”

“Máàkì ọmọ yín ti dé ọ̀dọ̀ wa láti kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́. Òun ló gba ipò kìíní nínú gbogbo wọn.”

Baba Gúnrégé ya ẹnu láti hó ìhó tí àdúgbò ò ní gbàgbé.

“Nítorí ẹ̀ ni sikọ́láṣípù náà ò fi sí mọ́, sà. Ó ti gba máàkì níbòmíì. Kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ tuntun mọ́.”

Ìhó náà há sí ọ̀nà ọ̀fun. Kò jáde, kò padà. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ gbàgà, ojú rẹ̀ yọ bọ́bọ́, ara rẹ̀ tutù nini láàárín ooru. Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ lọ, ó ń dágbére, ó gbé fóònù sílẹ̀, ọkùnrin yìí ṣì dúró bí aṣọ tí wọ́n fi kọ́ ìṣó. Áyọ́ọ̀nù wà lórí ṣẹ́ẹ̀tì. Èéfín yọ díẹ̀díẹ̀, ó yọ púpọ̀. Gbogbo ayé rẹ̀, kò jó aṣọ rí. Ti ọjọ́ yẹn, ihò tó wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ológbò lè gba inú ẹ̀ kọjá.

Onígbàjámọ̀ sáré gba títì kọjá pẹ̀lú àbẹ lọ́wọ́. “Gúnrégé! Ilé ń jó ni?”

Ìyàwó rẹ̀ tó ń tibi iṣẹ́ bọ̀ bá wọn bẹ́ẹ̀, ọmọ náà wọlé tẹ̀ lé e pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ aṣọ lórí. Ó tó ìgbà tí wọ́n bu omi sí bàbá lójú kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì jáde tán pátápátá: kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́, nọ́ńbà, ọwọ́ tó fi síwèé, orúkọ yunifásítì tó kọ gàdàgbà.



Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi í. “Ọwọ́ wo lẹ fi sí i?”

“Ọwọ́ òsì. Ọ̀tún wà nínú báńdéèjì.”

“Háà! Àwọn èèyàn kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá wọn. Ẹ̀yin fi tiyín júwe ọ̀nà ìta fún ọmọ yín!”

“Ìyá ọmọ, mo rò pé…”

“Ẹ ò rò. Ká ní ẹ rò ni, ẹ ò ní dé ibẹ̀.”

Ọ̀gá Kékeré jókòó lórí apẹ̀rẹ̀. Kò sunkún, kò bínú. Ilẹ̀ ló ń wò, bí ẹni pé ohun kan jábọ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n. Wọ́n ní ìpayà ló gbé ohùn lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kó àbẹ sápò. “Gúnrégé, lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Sọ pé ìwọ lo fọwọ́ sí i, pé ọmọ ò mọ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àmọ́ bí wọ́n bá fẹ́ bẹ́ orí kan ṣá, tìẹ ti gbó.”

Bó ṣe di pé lọ́jọ́ kejì ni bàbá àti ọmọ gba yunifásítì lọ nìyẹn. Ó wọ kóòtù dúdú rẹ̀, tó lọ̀ débi pé bó bá bọ́ ọ lélẹ̀, ó lè dá dúró. Yàrá ọ́fíìsì náà tutù. Wọ́n de àga mọ́ra wọn ní ìlà, àwọn òbí jókòó síbẹ̀ tọmọtọmọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Obìnrin ọ̀hún jókòó lẹ́yìn káńtà, ó rí pẹ́kẹ́lẹ́, ó fi ẹ̀wọ̀n kọ́ awò ojú rẹ̀ sọ́rùn. Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá ti pinnu láti sọ ọ̀rọ̀ náà jẹ́jẹ́, létí obìnrin náà nìkan. Àmọ́ ohùn tó ti ń bá ariwo ẹ̀rọ figagbága láti ìgbà èwe, jẹ́jẹ́ ò sí nínú ẹ̀.

“Èmi ni mo fọwọ́ sí i! Ọmọ mi ò mọ̀! Mo ní gbígbọ́ lásán ni, irọ́ ni mo pa! Èmi ni wèrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí!”

Ọkùnrin kan tó ń jẹ bísíkíìtì dá a dúró ní agbedeméjì ẹnu.

Baba Gúnrégé, tí kò gbà rí pé òun ṣi bọ́tìnnì so, dúró níwájú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó ń làágùn, ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀. Obìnrin náà fetí sílẹ̀ títí ó fi tán.

“Sà, ṣé ẹ lè kọ gbogbo èyí sílẹ̀, kẹ́ ẹ fọwọ́ sí i? Lórúkọ ara yín lọ́tẹ̀ yìí.”

“Mo lè kọ ọ́ sára ògiri níta.”

“Pépà náà ti tó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà wà. Bí ọmọ ò bá mọ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìrọ̀lẹ́ á pa máàkì náà rẹ́, olùgbọ́ lásán ló máa padà jẹ́, sikọ́láṣípù ẹ̀ á sì padà sọ́wọ́ ẹ̀. Ó ku ìbéèrè kan. Òun fúnra ẹ̀ ni màá bi.” Ó yíjú sí ọmọ náà. “Nígbà tí àyè ṣì wà fún ọ láti jáde, ṣé o mọ̀ pé onímáàkì ni wọ́n fi ọ́ sí?”

Kó ṣáà ti ní “rárá”. Ọ̀rọ̀ kan péré. Baba Gúnrégé ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àwọn òbí tó jókòó ti ń mi orí fún ọmọ náà, ìyá kan tilẹ̀ sọ “rárá” jáde lẹ́nu bá a.

“Mo mọ̀, mà,” Ọ̀gá Kékeré wí. “Láti ọ̀sẹ̀ kejì.”

Yéè! Ká ní páìpù ẹ̀rọ tún bẹ́ nínú yàrá náà, kò lè pa àwọn èèyàn lẹ́nu mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá di káńtà mú. Ọmọ tó jókòó wo ilẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ní ìpayà ni! Ó mọ̀! Ó mọ̀ nígbà tó ń kọrin, ó mọ̀ nígbà tí wọ́n ń ra báàgì!

“O mọ̀?” Ohùn bàbá ti di ti ẹyẹ. “Màmá mi, o mọ̀?”

“Wọ́n pe nọ́ńbà, Bàbá, wọ́n sì pe orúkọ mi mọ́ ọn. Látàárọ̀ dalẹ́, nọ́ńbà ṣòkòtò onígbàjámọ̀ ni mò ń pè, nọ́ńbà kóòtù ẹlòmíì ni mò ń pè. Ìyẹn ló jẹ́ tèmi. Ó yẹ kí n bi ọ́fíìsì yìí bóyá ó burú. Mo mọ̀ pé bí mo bá bi wọ́n, wọ́n á ní kí n jáde. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bi wọ́n.”

Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀.

“Ṣé o mọ ohun tó o sọ yìí?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà.”

“Ẹni tó tẹ̀ lé ọ ni sikọ́láṣípù yẹn ń lọ bá, lónìí.”

“Ẹ bá mi kí i kú oríire.”

“Ọmọ yìí!” Baba Gúnrégé ké. “Ṣé ẹnu ẹ ò ṣeé tì ni?”

Obìnrin náà fa dúrọ́ọ̀ kan. Ó ní sikọ́láṣípù mìíràn wà fún àwọn tó bá ṣí wá láti kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn, àmọ́ kò tó ìdajì ti tẹ́lẹ̀. Kò sí yàrá nínú ẹ̀, kò sí ìwé, owó ẹ̀kọ́ gan-an, apá kan ló máa gbé. Ẹni tó bá gba ipò kìíní kì í bá ẹnikẹ́ni du ú, tirẹ̀ ni. Máàkì tó lé e jáde ní ẹnu ọ̀nà ńlá náà ló máa sin ín gba ẹnu ọ̀nà kékeré wọlé. Ọmọ náà na ọwọ́, ó gba fọ́ọ̀mù, ó tẹ̀ mọ́ káńtà, ó ń kọ ọ́. Bàbá sún mọ́ ọn láti wò ó.

“Sà, ẹ jọ̀ọ́,” obìnrin náà wí, “ẹ padà sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ dúró síbi tí ọwọ́ yín ò ti ní dé tábìlì.”

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Òun ò rẹ́rìn-ín.

Nínú bọ́ọ̀sì, bàbá yíjú sí ọmọ ní ìdajì ọ̀nà. Ó wá ní: “Mo ti dójú ti ara mi níwájú gbogbo ayé nítorí ẹ. Sikọ́láṣípù wà nílẹ̀, ó kù kó o gbé e. Kí ló dé tó o ò gbé e?”

“Bàbá, ẹ pa irọ́ kan fún mi. Èmi náà pa ọ̀kan fún yín, torí dídákẹ́ mi yẹn, irọ́ ni. Bí àwa méjèèjì bá wá jọ pa ẹ̀kẹta fún obìnrin yẹn, ta ló máa máa rántí èyí tá a pa àti èyí tá a ò pa?”

“Yàrá ńkọ́?”

“Màá máa tilé lọ.”

“Ìwé ńkọ́?”

“Màá máa lọ aṣọ nírọ̀lẹ́. Ṣé ẹ máa san owó fún mi?”

Ó fẹ́ bínú. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ kò yé òun alára, ó jọ ikọ́, ó jọ ẹ̀rín.

Onígbàjámọ̀ ti gbé àga rẹ̀ síta, àbẹ lọ́wọ́, ó ń retí wọn. Ọmọ wọlé lọ bá ìyá rẹ̀. Baba Gúnrégé dúró lójú títì, ó ti ṣí bọ́tìnnì kóòtù, àrà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

“Gúnrégé, wọ́n dá a padà?”

“Wọn ò dá a padà. Kékeré kan la gbà.”

“Ìwọ ò sọ fún wọn bí mo ṣe ní kó o sọ ọ́ ni?”

“Mo sọ ọ́. Wọ́n gbà á. Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kí wọ́n gbé e lé wa lọ́wọ́. Ni wọ́n bá bi ọmọ bóyá ó mọ̀.”

“Ó sì ní òun ò mọ̀.”

“Ó ní òun mọ̀.”

Àbẹ jábọ́ lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, ó dún gbẹ̀nrẹ́n lórí símẹ́ǹtì. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà tí ọmọ náà gbà wọlé, ó tún wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Ó sọ òótọ́? Níbi tí owó wà?”

“Níbi tí owó wà.”

“Háà!” ni onígbàjámọ̀ wí. “Ìwọ lo sì bí i?”